Etí Bàbá Sàlámì

"Àbẹ̀kẹ́! Wá bá mi gbọ́ nǹkan tí rédíò yìí ń sọ."

Ṣàkírát gbọ́ ohùn Bàbá Sàlámì, bàbá bàbá rẹ̀, tó ń fi oríkì pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè dìde. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ní Èrúwà. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oòrùn ń yọ́ wọlé lójú fèrèsé, orin sì ń ti inú ẹ̀rọ orin hóòmù tíátà rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló rà á fún un láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó bá ti tàn án, tó pajú dé, tó ń bá a kọrin, kò sí nínú yàrá náà mọ́. A bá ara rẹ̀ lórí pèpéle nílùú kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀, níbi tí èrò ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wákàtí yìí nìkan ló jẹ́ tirẹ̀ lójúmọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ọjà Lanlate dé báyìí, ilé ìdáná ló kàn.

Nígbà tó jáde, Bàbá Sàlámì ti gbé rédíò oníbátìrì rẹ̀ sétí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko pákí dé, ètò àwọn àgbẹ̀ ló fẹ́ gbọ́. Kí ló gbọ́? Vùùùù! Bí oyin tí wọ́n dáná sí nídìí.

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń kùn báyìí," Bàbá wí. "Gbé e lọ fún Adérógbà."

Adérógbà, tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà, tan rédíò náà. Ló bá ń sọ̀rọ̀ ketekete. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ṣàkírát, ara rédíò yìí le ju tèmi lọ. Ilé yín ni àìsàn wà. Ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti wọ iná báyìí, ariwo ni yóò máa tú sínú afẹ́fẹ́. Etí èèyàn ò ní gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n rédíò á gbọ́. Bí iná bá dé lọ́la, máa yọ gbogbo ohun tó ń lo iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó o bá yọ tí rédíò sinmi, òun lọ̀daràn."

Lọ́jọ́ kejì, kí Bàbá tó toko dé, Ṣàkírát ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa fáànù. Vùùù. Ó yọ fíríìjì. Vùùù. Ó yọ ṣájà fóònù. Vùùù. Ó wá ku ẹyọ kan. Ọkàn rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un láti àná, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra. Ó fa wáyà hóòmù tíátà rẹ̀ yọ, kẹ́kẹ́ bá pa. Ohùn ọkùnrin kan jáde nínú rédíò, ó mọ́ gaara, ó ń sọ nípa òjò tó ń bọ̀.

Wákàtí kan péré ni ètò Bàbá. Kí ló burú bó bá pa orin fún wákàtí kan? Ṣùgbọ́n wákàtí náà gan-an ni tirẹ̀! Ló bá dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà sójú iná, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá.

"Kí ni Adérógbà wí?" Bàbá béèrè nígbà tó dé.

"Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe rédíò yín, Bàbá."

Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Bàbá tan rédíò, ó tún kùn. "Ìwọ ò gbọ́ ariwo yìí ni?"

Ẹnu Ṣàkírát yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Rárá o, Bàbá. Ó ń sọ̀rọ̀ ketekete létí tèmi."

Háà, Ṣàkírát! Bàbá wò ó títí, ó rọra pa rédíò, ó fi ìka gbo etí. "Ó dáa," ló wí. "A jẹ́ pé etí mi ló ń lọ."

Ẹ gbọ́ ná. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Sàlámì ti fi jẹ́ Ládánì mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Òun ló ń pe ìrun. Òun náà ló ń dúró lẹ́yìn Lèmọ́mù, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó ń gbé e sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti adití. Etí Bàbá dá ṣáká, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kí i lẹ́ẹ̀kan, a ní, "Ẹ ní kí ni?" Ó ń kán òróró sétí láàárọ̀, ó ń kán an nírọ̀lẹ́.

Gbogbo rẹ̀ ni Ṣàkírát ń rí. Orin kò gbé e dé orí pèpéle mọ́. Bó bá pajú dé, Bàbá ló ń rí, tó ń kán òróró sétí. A ní, "Màá sọ fún un lọ́la." Ọ̀la dé, ó di ọ̀túnla.

Nígbà tó di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ní mọ́sáláṣí nígbà tí ìpè ìrun dún. Kì í ṣe ohùn Bàbá! Ohùn Àbdùlàhí ni, ọmọ telọ̀ àdúgbò wọn, ohùn náà sì ń gbọ̀n. Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù ní, "Bàbá Sàlámì sọ fún wa pé etí òun ń kùn, òun ò fẹ́ ṣi ìjọ lọ́nà. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn fa iṣẹ́ lé Àbdùlàhí lọ́wọ́." Àwọn èèyàn ń kí Bàbá kú iṣẹ́. Omi bọ́ lójú Ṣàkírát, kò dúró kí ẹnikẹ́ni kí òun.

Bí Bàbá ti wọlé, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Etí yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ orin mi ló ń da rédíò yín láàmú. Mo mọ̀, mo sì parọ́ fún yín."

Bàbá jókòó, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú.

"Wákàtí kan, Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Bó o bá ní orin rẹ ló ń dà á rú, ṣebí ẹ̀yìnkùlé ni mi ò bá gbé rédíò lọ."

"Ojú ló ń tì mí, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Lèmọ́mù. Kí wọ́n dá iṣẹ́ yín padà."

"Kí n gba ohun tí mo ti fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ níṣojú ìjọ?" Bàbá mi orí. "Ó ti bọ́, ọmọ mi. Mo dárí jì ọ́. Dìde."

Ó dárí jì í lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, Ṣàkírát kì í fi ẹ̀rọ rẹ̀ síná títí ètò àgbẹ̀ yóò fi parí. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàlámì kò pe ìrun mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Ọjọ́ kẹwàá péré ni òótọ́ bá irọ́ Ṣàkírát. Ṣùgbọ́n ohun tí irọ́ ti jẹ lọ́nà, òótọ́ ò rí i gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́, kí ẹlòmíì má baà máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.