Ìwé Obìnrin Alágboòrùn

"Tẹ́ẹ́rẹ́! Ṣé ilẹ̀ lò ń gbá ni, àbí ilẹ̀ ló ń gbá ọ?"

Àǹtí rẹ̀ onídìrí, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ló ń pè é. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì kúnlẹ̀ síwájú òkìtì ìwé oge tí àwọn oníbàárà máa ń ṣí wò bí irun wọn bá ń gbẹ lọ́wọ́. Láàárín àwọn ìwé tó ń dán wọ̀nyẹn ni ó ti rí ọ̀kan tí kò dán rárá. Òwú ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Ìtàn àwòrán ni. Obìnrin kan ń tún agboòrùn ṣe ní ìlú tí òjò kì í rọ̀ sí. Oníbàárà kankan kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ rí, síbẹ̀ ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ya ojú ewé àkọ́kọ́. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló ya èyí tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú yíǹkì. Lójú ewé kan, ẹnì kan ti gé aṣọ wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Lójú òmíràn, ẹni tó yà á kò mọ̀ ọ́n yà páàpáà, obìnrin náà jọ ìkòkò tó wọ bàtà, àmọ́ òun náà ṣì ni. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn èèpo ìwé náà pé: "Kà á. Ya ojú ewé kan kún un. Má kọ orúkọ rẹ. Fi í síbi tí ẹlòmíràn á ti rí i."

Orí Tẹ́ẹ́rẹ́ wú. Àwọn ìwé àwòrán tó ti ń kà, akọni ló máa ń ja ìjà níbẹ̀, èèyàn á sì ti mọ ẹni tó máa borí kó tó ṣí i. Kò mọ̀ pé irú eléyìí wà láyé. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Kò sẹ́ni tó rán wọn. Ó kàn wù wọ́n ni.

"O ti rí i, àbí?" Màmá nọ́ọ̀sì, oníbàárà wọn kan, ló sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. "Èmi ni mo ya ẹyẹ pupa tó wà lójú ewé kan níbẹ̀ yẹn. Èmi tí n kò ya nǹkan kan rí! Ibùdókọ̀ ni mo fi í sí, wò ó bó ṣe rìn títí tó fi débí. Ó kàn ọ́, ọmọ mi. Ojú mi ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì fẹ́ rí i kí ẹnì kan wọlé sọ́dọ̀ obìnrin yẹn kó tó ṣú tán."

"Màá yà á, mà," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tó délé, ojú ewé òfìfo náà ń wò ó, òun náà ń wò ó. Ẹ̀rù bà á pé òun á ba nǹkan tó dára jẹ́. Ó gbé e lọ sílé-ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹnudùn ti rí i.

"Ìdíje àwòrán ti dé, o sì gbé èyí dání?" ni Ẹnudùn wí. "Ṣé orúkọ wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ṣebí ẹni tó bá rí nǹkan tí kò lórúkọ ló ni ín? Má ṣe bí ọ̀lẹ jàre."

Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó fa èèpo tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí ya kúrò, ó fi í pa mọ́ sínú àpò rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú ìwé, ó sì fi í sílẹ̀ fún ìdíje náà.

Òun ló gba ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, gbé ìwé náà sókè. "Inú àpótí onígíláàsì ni yóò máa wà ní ọ́fíìsì mi," ni ó wí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́." Ó sì tì í pa. 

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá nọ́ọ̀sì wà lórí àga. "Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan ti wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀?"

Omijé ló kọ́kọ́ dáhùn. Obìnrin alágboòrùn ti wà nínú gíláàsì, kò sí ẹni tó lè wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Òun Tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni mo yà á." Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì gbé èèpo tó fà ya kalẹ̀.

Ọ̀gá náà kà á, ó tún un kà. "Mo ti ń bi ara mi," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "pé báwo ni ọmọ kan ṣoṣo ṣe ní ọwọ́ tó pọ̀ tó báyìí." Ó gba ẹ̀bùn ìdíje náà padà. Wọ́n kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé, wọ́n hó lé e lórí, Ẹnudùn sì ń wo òkè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ṣí gíláàsì, ó ní, "Gbà. Lọ parí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ọ́."

Tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ èèpo tó fà ya padà, ó sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ó wá mú pẹ́ńsù. Ilà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó yà á: ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agboòrùn tó ti fà ya dání. Ó ń sọ pé: "Ẹ kúulé mà. Mo ba nǹkan jẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi tún un ṣe?"

Ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá nọ́ọ̀sì gbé ìwé náà súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé.  Lẹ́ẹ̀kan náà ló pariwo débi pé òòyà jábọ́ lọ́wọ́ àǹtí onídìrí.

"Ẹnì kan ti wọlé! Ẹ wá wò ó, ẹnì kan ti wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀!"

Gbogbo àwọn tó ń dirun ló dìde tàwọn ti irun tí wọ́n dì dé ìlàjì lórí, wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró sẹ́yìn wọn. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un rí fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì dùn tó èyí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe tara rẹ̀ nìkan, ara rẹ̀ ló ń tì mọ́lé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ìwé náà sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, ó sì sún sẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ jókòó, ó mú un, ó ṣí i. Ọkọ̀ tó ń dúró dè dé, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè.