Ẹ Má Gbálẹ̀ De Wolé-wolé

"Ta ló fi epo kan aṣọ yìí?"

Ohùn ọmọ mi nìyẹn ní òwúrọ̀ kan, nídìí kànga ẹ̀yìnkùlé wa. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ funfun ló mọ̀ ọ́n fọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Funfun. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, aṣọ tábìlì ilé oúnjẹ, aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Bó bá sá wọn sórí okùn lọ́sàn-án, ẹni tó ń kọjá á fọwọ́ bojú.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó fi epo kàn án. Inú omi ló ti wá. Wò ó, ó ń dán lójú garawa."

Baba Télọ̀, onílé wa, wà lójú fèrèsé níbi tó ti ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì. Ó yọ orí síta. "Ìyá Funfun, ó kù díẹ̀ ká máa pè ọ́ ní Ìyá Rẹ́súrẹ́sú."

"Baba Télọ̀, ẹ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ yín kó má baà gún yín nímú."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa yanrìn. Nígbà tí yanrìn tán, koríko hù síbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá rẹ̀. Ìgbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan ra ilẹ̀ náà, wọ́n mọ ògiri yí i ká, wọ́n gbé géètì onírin síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi tapólì bò á wọlé tòun ti àgbá, á sì jáde lófìfo, inú kòtò yẹn ni wọ́n ń bo àgbá mọ́. A ò bi wọ́n pé kí ló wà nínú àgbá. Kí ni tálákà fẹ́ bi olówó?

Nígbà tí òjò ọdún náà dé, omi dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lábẹ́ ògiri wọn. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń jó táyà. Ó ń ṣàn bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ kànga wa, koríko tó bá sì kàn á gbẹ.

Awọ ọwọ́ ọmọ mi ń bó. Ó ní ọṣẹ ni, ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ojú rẹ̀ ń wú láàárọ̀, ó ní àìsùn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ní ìdúró ni. Gbogbo nǹkan la dá lẹ́bi, àfi omi.

Ìgbà tí ìtọ̀ rẹ̀ yí àwọ̀ padà ni mo fi agídí mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọjú sí i.

"Ìyá, kíndìnrín yín ló ń daṣẹ́ sílẹ̀. Irú omi wo lẹ ń lò nílé?"

"Omi kànga ni, dókítà."

"Kí ló wà nítòsí kànga náà?"

Ògiri ilé-iṣẹ́ yẹn ló sọ sí èmi àti ọmọ mi lọ́kàn.

Nígbà tí Baba Télọ̀ gbọ́, ó fi téèpù sílẹ̀ lọ́rùn, ó sì gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó àyíká lọ. Ẹnu lásán ló fi rojọ́, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Bó ṣe dé ni ìròyìn náà gba àdúgbò kan: "Wolé-wolé ń bọ̀!"

Ẹni tó bá dàgbà bíi tèmi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún ènìyàn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wolé-wolé bá wọ àdúgbò, ìyá mi á da omi ìkòkò nù, á gbálẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n á ṣí ìkòkò wò. Bí wọ́n bá rí tanwíji nínú rẹ̀, kóòtù ló kàn. Mo fojú mi rí bàbá arúgbó kan tí wọ́n tì síwájú bí olè nítorí ìkòkò omi. Ìbẹ̀rù yẹn la fi tọ́ àwọn ọmọ wa. Bí ìjọba bá ń bọ̀, gbálẹ̀.

Ọmọ mi ló ṣe balógun wa. Ẹsẹ̀ tó wú bí ìrọ̀rí ló fi dìde.

"Ẹ dìde o! Wọn ò ní bá wa bí ọ̀bùn. Wọ́n á ní àwa la sọ ibí di ààtàn. Ẹ da yanrìn bo omi dúdú yẹn! Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ etí kànga!"

Àwa obìnrin ilé dìde. A da yanrìn tó mọ́ sórí omi dúdú náà, a tẹ̀ ẹ́ dáadáa. A fi ìdérí dé kànga, a gbé okùn àti garawa pamọ́ sínú ilé kí ojú ibẹ̀ lè mọ́. Àlejò kò sì gbọdọ̀ mu omi olóòórùn, nítorí náà a lọ pọn omi ẹ̀rọ tó wà lójú títì, níbi tó jìn gan-an, a fi kún àgbá ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n dé. Ọ̀gá wọn dúró láàárín ọgbà, ó mi orí. "Ẹ̀yin ará ibí, àdúgbò yín mà mọ́ o! Ká ní gbogbo ìlú rí báyìí!"

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òùngbẹ ń gbẹ ọ̀gá náà. Ọmọ mi bu omi fún un nínú ife dígí, ó gbé e sórí àwo. Ọ̀gá mu ún tán, ó ní ó tutù. Ó wá yọ ìgò kan nínú àpò, ó bu omi látinú àgbá yẹn kan náà.

"Ṣé omi tí ẹ ń lò nìyí?"

"Òun ni, ọ̀gá," ọmọ mi dáhùn. Kí ni ì bá tún wí? Òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe àlejò.

Nígbà tí wọ́n lọ, Baba Télọ̀ pàtẹ́wọ́. "A yege! Wọn ò rí nǹkan kan!"

Òótọ́ ló sọ. Wọn ò rí nǹkan kan.

Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni pé omi wa dára fún mímu, ilẹ̀ wa sì mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà lẹ èsì ọ̀hún mọ́ géètì wọn bí ẹni lẹ àwòrán ìgbéyàwó. Kò pẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ó múra dáadáa, ó fẹ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní táńkì omi oníke. "Ọ̀fẹ́ ni o, Bàbá. Ẹ ṣáà tẹ̀ka síbí." Baba Télọ̀ tẹ̀ka. Ta ló ń kọ ọ̀fẹ́?

Nọ́ọ̀sì kan tí ọmọ mi máa ń fọṣọ fún ló bá wa wá lọ́yà. Ó ní àwọn lọ́yà kan wà tí kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Obìnrin ni lọ́yà náà, kò dàgbà púpọ̀. Ó bá wa létí ibùsùn ọmọ mi nílé ìwòsàn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ aláìsàn.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lọ́yà, ayálégbé ni mí. Ilẹ̀ kọ́ ni mo ní. Ṣé mo lẹ́nu ọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé onílé nìkan ló ní kíndìnrín ni? Onílé lè pẹjọ́ nítorí ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́. Ayálégbé lè pẹjọ́ nítorí ara rẹ̀ àti ibi tó ń gbé."

"Kí la lè wá bèèrè?" Èmi ni mo bi í.

"Ọ̀nà wà, Màmá. A lè kọ ẹ̀sùn sínú ìwé fún ọ́fíìsì àyíká, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò ṣiṣẹ́ wọn, a lè pe àwọn gan-an lẹ́jọ́. A lè bẹ kóòtù kó dá àwọn ọkọ̀ yẹn dúró ná, kí ẹjọ́ tó parí. A lè ní kí ilé-iṣẹ́ hú àgbá wọn jáde, kí wọ́n sì tún ilẹ̀ ṣe. A lè bèèrè owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú. Gbogbo àdúgbò sì lè pa pọ̀ pẹjọ́, kí ẹrù má baà wọ ẹnì kan lọ́rùn."

Baba Télọ̀ ń họ orí lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi tí mo tẹ̀ka ńkọ́?"

"Kí ló wà nínú ìwé náà, Bàbá?"

"Táńkì."

"Wọ́n kà á fún yín?"

"Rárá. Wọ́n ní kí n ṣáà tẹ̀ka ni."

"Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ pé ẹ ò ní bá wọn fa ọ̀rọ̀ kankan mọ́. A máa bá a jà, torí wọn ò ṣàlàyé fún yín. Ṣùgbọ́n ó ti di òkúta lójú ọ̀nà." Ó yíjú sí ọmọ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn aṣọ tí omi yẹn bàjẹ́ dà?"

Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo ti fọ̀ wọ́n. Mo fi bílíìṣì rẹ wọ́n léraléra, wọ́n funfun bí òwú. Mo lè dá aṣọ oníbàárà padà pẹ̀lú àbàwọ́n ni?"

"Omi dúdú ẹ̀yìn ògiri ńkọ́?"

"A da yanrìn bò ó."

"Èyí tí wolé-wolé bù lọ?"

"Omi ẹ̀rọ ojú títì ni."

Lọ́yà káwọ́ lérí. Kò bínú. "Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ìdọ̀tí wa."

"Ìdọ̀tí yín kọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdọ̀tí wọn ni. Ẹ kàn bá wọn palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni."

Ọmọ mi di ojú. "Àṣé iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn," ó wí, "mi ò sì gbowó rẹ̀."

Ó kú kí a tó pẹjọ́. Aṣọ nọ́ọ̀sì tó sá gbẹ̀yìn ṣì wà lórí okùn lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ká a.

Ní kóòtù, lọ́yà ilé-iṣẹ́ dìde, ó gbé èsì àkọ́kọ́ yẹn sókè. Ó ní ìjọba ti yẹ omi náà wò, ó mọ́. Lọ́yà wa bẹ kóòtù pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni bu omi náà, kí àwa àti ilé-iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Adájọ́ gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, a ò gbálẹ̀. Ó ṣòro fún mi. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ kan di èkejì mú. Omi dúdú wà níbi tó wà. Okùn àti garawa wà létí kànga.

Ọ̀gá wolé-wolé ọjọ́sí bá wọn wá. Ó wò yí ká. "Màmá, àdúgbò yín mà ti yí padà o."

"Kò yí padà, ọmọ mi. A ò gbálẹ̀ ni."

Oòrùn mú, ó ń làágùn. Mo fa omi látinú kànga, mo bù ú sínú ife dígí, mo gbé e sórí àwo ọmọ mi. "Ẹ mu omi."

Ó gbà á. Ó wo epo tó ń dán lójú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá."

"Ọmọ mi mu ún," mo ní. "Ó mu ún títí."

Lọ́yà wa ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò mu ún." Ó sì kọ ọ́.

Èsì tuntun ní oró wà nínú omi náà, kóòtù sì ti dá àwọn ọkọ̀ dúró. Ohun tí a rí gbà títí di òní nìyẹn. Àgbá ṣì wà nínú ilẹ̀. Wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú, ẹsẹ̀ mi sì ń wúwo sí i lọ́nà ẹ̀rọ ojú títì. Ní ti ikú ọmọ mi, ilé-iṣẹ́ náà ń bèèrè pé ta ló lè fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni omi náà rí nígbà tó wà láyé. Lọ́yà wa kò tàn mí. "Màmá, ti àdúgbò lè yọrí. Ti ẹ̀gbọ́n mi máa ṣòro."

Ẹ̀yin tí ilé yín kángun sí irú ibẹ̀, ohun tí mo rí rèé. Bí omi yín bá yí àwọ̀ tàbí òórùn padà, ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ. Ẹ má tan ara yín pé ẹ ó sè é, iná kì í mú irú oró bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan àgbá wọn. Ẹ ya àwòrán, kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀. Aṣọ tó bàjẹ́, ẹ dì í pamọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ̀sùn ẹnu lásán, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ; ẹ kọ ọ́, ẹ gba òǹtẹ̀. Ìwé tí ẹni yín kò bá kà fún yín, ẹ má tẹ̀ka sí i, ì báà jẹ́ pé wúrà ni táńkì náà. Ẹ wá lọ́yà ní kíá, àwọn tí kì í gbowó wà, torí òfin ní gbèdéke, ó sì lè kọjá níbi tí ẹ ti ń sunkún. Ẹ má dá lọ, ẹ kó ara yín jọ.

Bí ẹ bá sì gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, ẹ gbé ìgbálẹ̀ pamọ́, ẹ mú wọn lọ sídìí kànga. Ọmọ mi ló mọ aṣọ fọ̀ jù ládùúgbò yìí. Ó fọ ẹ̀rí ikú ara rẹ̀ mọ́, kò ku àbàwọ́n kan.