Eyín Tuntun Ládàánì Búrẹ́mọ̀

Ní àdúgbò kan n'Ígbò-Ọrà, ohùn Búrẹ́mọ̀ ládàánì ni àwọn àgbẹ̀ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1987, lẹ́yìn tí eyín iwájú rẹ̀ ká tí ó sì lọ ṣe àtọwọ́dá n'Íbàdàn, ìpèrun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Búrẹ́mọ̀," Gàníyù ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í, "ìwọ lo pèrun ni, àbí ẹyẹ ló wọ ẹ̀rọ agbóhùnsókè?"

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí oṣù bá lé tí ohùn rẹ̀ kò bá tíì tún ṣe, Gàníyù ni yóò máa pèrun.

Búrẹ́mọ̀ délé, ó fa fáìlì tó fi ń pọ́n àdá yọ, ó fẹ́ fi ha eyín náà.

Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá Mùínàt, ẹnu yín lẹ fẹ́ fi ìyẹn tún ṣe? Ẹ jẹ́ á lọ sí ilé ìwòsàn n'Èrúwà."

Dókítà eyín tí wọ́n bá níbẹ̀, Rosaline, ní kó gbé ìka lé ọ̀fun, kó pèrun díẹ̀. Ó pè é pẹ̀lú eyín, ó pè é láìsí eyín. Bákan náà ni ọ̀fun ń gbọ̀n. Ẹnu ya Búrẹ́mọ̀.

"Ohùn yín kò lọ síbì kankan, bàbá," ni dókítà wí. "Ọ̀fun ló ń mú un wá, ahọ́n, àjà ẹnu àti eyín ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Ìgbà wo lẹ máa ń lo eyín yìí?"

"Mọ́ṣáláṣí nìkan. Mo tọ́jú rẹ̀ bíi fìlà Jímọ̀."

"Ahọ́n yín kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ máa lò ó nílé, ẹ máa ka Kùránì sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Dókítà sì bá a ha ibi tó nípọn jù lára eyín náà.

Búrẹ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Jímọ̀ tó ṣíwájú oṣù tuntun, ó pèrun, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì já gaara. Àwọn tó ń ṣàlùwàlá dáwọ́ dúró, omi ń kán lápá wọn. Gàníyù mi orí: "Ọlọ́hun tóbi."

Ó ya Búrẹ́mọ̀ lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ. Ahọ́n tó ti bá a dàgbà, ẹran ara lásán, ti kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun lọ́jọ́ ogbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ má bẹ̀rù bí ọ̀rọ̀ yín bá kọ́kọ́ yí. Ẹ máa lò ó láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ máa kàwé sókè. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sùn. Bí ó bá ń yẹ̀, tàbí tó ń dá egbò sí yín lẹ́nu, ẹ má ṣe ha á, ẹ má sì fi gúmù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e padà tọ dókítà eyín lọ.