Àmín tí Ìfẹ́táyọ̀ Ṣe Níwájú Ààrò

Nǹkan kan kérora nínú ògiri.

Màmá Ìfẹ́táyọ̀ dúró láàárín pálọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ rà ní Nichelino nílẹ̀ Ítálì, ó tẹ́tí. Ìkérora náà tún dún, ó fà gùn bí ohùn aláìsàn. Inú ààrò ló ti ń wá: ààrò onírin tí ilé iṣẹ́ rọ lódindi, tí wọ́n gbé bọ inú ògiri kí wọ́n tó bí Ìfẹ́táyọ̀. Àga onítìmùtìmù kan kọjú sí i. Ìjókòó àga náà ṣì jìn, àfi bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Orí àga yìí ni ọkọ Signora Bruna, ìyá arúgbó tó ń ta ilé náà, sùn sí nígbà òtútù èṣí tí kò jí mọ́. Wọ́n ní àìsàn ọkàn ló pa á.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń ké yẹn?" Màmá fi oríkì pe Ìfẹ́táyọ̀, ọmọ rẹ̀.

"Vento, mamma. Afẹ́fẹ́ ni."

Spazzacamino, ọkùnrin tó máa ń gbá ihò èéfín, tí Màmá bẹ̀ kó wá yẹ ààrò náà wò, yọ orí jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀ wàràwàrà. Ítálì tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ ní àdúgbò San Salvario ni Màmá gbọ́ dáadáa. Èyí tó bá ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ìfẹ́táyọ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní bíríkì ẹ̀yìn ààrò ti sán. Páìpù èéfín tó gba inú ògiri lọ sókè ti ya. Ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ti kógbá sílé, páìpù ilé iṣẹ́ mìíràn kò sì lè bá a mu. Àfi kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù. "Kí ẹnikẹ́ni má dáná níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jò níbẹ̀, ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Sọ fún màmá rẹ." Ó wo àga náà, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Ìfẹ́táyọ̀ gbójú sókè wo àjà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn kan náà lòun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ní òkè ilé yìí, yàrá kan wà tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Màmá ti kọ ilé kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí òórùn àtẹ̀gùn lásán.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ti gbó díẹ̀, àmọ́ kò burú. Kí ẹ ṣáà ti gbá a."

Ọkùnrin náà mi orí, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ.

Màmá yọ ìgò òróró nínú báàgì, ó fi kan ẹnu ààrò. "Arínúróde, Olùmọ̀ràn-ọkàn, Ọba tí òkùnkùn ò dí lójú! Ohunkóhun tó bá fara pamọ́ nínú ilé yìí láti pa mí lọ́mọ, tú u síta kí n tó fọwọ́ síwèé. Ìfẹ́táyọ̀, o ò ṣàmín?"

"Àmín."

Ààrò náà kérora tẹ̀lé e.

Láti ọjọ́ náà ni òórùn eérú ti wà nínú irun rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, kò lọ. Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, ní kíláàsì, bó bá ti dijú ni yóò rí ẹ̀yìn ẹni tó jókòó sórí àga yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn arúgbó ni. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn náà ń kéré sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé, Signora Bruna wá láti Pordenone, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kí Màmá àtàwọn ọmọ rẹ̀ tó dé, ó ti dáná sí ààrò náà, ó sì ti ti fèrèsé pa. "Ọkọ mi fẹ́ràn iná yìí," ló wí.

Démiládé, àbúrò Ìfẹ́táyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fò sórí àga. "Io sono il re! Èmi ni ọba!"

"Kábíyèsí aláìwẹsẹ̀," Màmá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìfẹ́táyọ̀ lanu láti jẹ́wọ́, àmọ́ Màmá já lù ú: "Àbẹ̀kẹ́, lọ wọn fèrèsé yàrá rẹ, ká lè mọ kọ́tìnnì tí a máa rà." Màmá àti Signora wọ kíṣìnnì, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Ìfẹ́táyọ̀ gun òkè lọ. Ó ní lọ́kàn pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀, òun á sọ òtítọ́. Ó wọn fèrèsé. Ó ro ibi tí ibùsùn yóò wà, ibi tí dígí yóò wà. Ó pẹ́ kó tó fura pé ààrò náà ti dákẹ́. Démiládé náà ti dákẹ́.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Orí ọmọ náà ti wọ́ sí èjìká.

"Démi! Svegliati! Jí! Démi!" Kò dáhùn. Ó wọ́ ọ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń pariwo: "Màmá, ẹ jáde! Ààrò ni! Ó ń pa á!"

Ní ọsibítù, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi sí i nímú ló jí i. Ó bì, ó sunkún, ó pe ìyá rẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí ó kú.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìfẹ́táyọ̀ kúnlẹ̀. Yorùbá ló fi sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló tún fi Ítálì sọ ọ́ fún Signora Bruna. Arúgbó náà di báàgì rẹ̀ mú. "Ṣé kì í wá ṣe àìsàn ọkàn ló pa ọkọ mi?"

Màmá kò gbá a létí.

"Mo ní kí Ọlọ́run tú u síta. Ó ti tú u síta kí n tó bẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ ló gbé e sí, Àbẹ̀kẹ́."

Wọn kò ra ilé náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbẹnu sọ fáwọn òbí yín, ẹ gbọ́: ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gé kù, irọ́ ni, ó sì lè pa ènìyàn. Lórí ibùsùn kan náà ni Ìfẹ́táyọ̀ àti Démiládé ṣì ń sùn ní San Salvario. Bí afẹ́fẹ́ bá kérora lójú fèrèsé, yóò gbé ọwọ́ lé àyà àbúrò rẹ̀, yóò dúró títí ọmọ náà yóò fi mí.