Ọmọ Tó Ń Bá Ẹyẹ Lọ

Alhaja, ìyá Sàláwù, kírun alásárì tán, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́.

Kí àdúà ọjọ́ mẹ́jọ tó kọjá, Sherifat, ẹ̀gbọ́n Sàláwù, ti mọ ẹni tó pa á.

"Ìyàwó, ọmọ ẹ ni."

Àṣàbí, ìyàwó Sàláwù, ń fọ ìkòkò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìjà. "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàrákàt? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?"

"Ta la rán lọ ra òògùn Alhaja lọ́jọ́ náà? Ibo la ti rí i?"

Ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ni wọ́n ti rí i. Owó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo lékèélékèé.

"Òògùn orókùn ni," Àṣàbí dáhùn. "Orókùn kì í pààyàn."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde nílé. Àwọn aládùúgbò ní bí Bàrákàt bá ti ranjú, tí wọ́n pè é tí kò jẹ́, ẹyẹ ti gbé e lọ sípàdé nìyẹn. Wọn ò jẹ́ kí ọmọ wọn bá a jẹun mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àṣàbí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pè é títí, kò wẹ̀yìn. Ẹyẹ funfun kan gbéra lórí páànù. Àṣàbí fà sẹ́yìn. Òun tó bí i, òun náà ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀, Mísìsì Ọlánípẹ̀kun, ló là wọ́n lọ́yẹ. "Mummy Bàrákàt, ọmọ yìí kò yọ̀dẹ̀. Iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ni kì í lè parí. Ẹ gbé e lọ rí dókítà."

Àṣàbí àti Sàláwù gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìlọrin. Sherifat bá wọn lọ, kí wọ́n má baà fi nǹkan kan pa mọ́.

Dókítà yẹ etí àti ojú ọmọ náà wò. Ó béèrè bó ṣe ń ṣe nílé, bó ṣe ń ṣe nílé ìwé, àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

"ADHD là ń pè é," ó ní. "Ọkàn rẹ̀ kì í lè dúró lójú kan. Àwọn ọmọ mìíràn tó ní in á máa ta kìtì kiri. Tirẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń lọ, ìyẹn ni ẹ ò ṣe fura. Kò ní lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n a ó ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa rán an lẹ́ẹ̀kan. Ta ló tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí?"

Sàláwù sún síwájú lórí àga.

"Èmi ni," ó ní. "Nílé kéú, wọ́n máa ń so mí mọ́ òpó."

Sherifat tẹ orí ba. "Alhaja ló máa ń lọ tú u," ó rọra sọ.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, híjáàbù kò sí lórí Bàrákàt; ó ti gbàgbé rẹ̀ sórí àga. Àṣàbí mí kanlẹ̀, ó fẹ́ yí padà.

"Dúró," Sherifat ní. "Jẹ́ kí n lọ mú un wá."