Ibòòji ni àbí Ibojì?

"Mummy, mo wa ninu iboji. Ara tu mi. E ma worry."

Ohun tí ọmọ mi kọ ránṣẹ́ sí mi nìyẹn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní Downsview, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, mò ń lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀, ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń tọ́jú wọn. Mo kà á, mo tún un kà. Ibojì ni mo rí. Sàréè. Bọ́ọ̀sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mi ò dìde.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí. Tìmílẹ́yìn lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá rẹ̀, Adégòkè ọkọ mi, kú ní oṣù kìíní, nínú òtútù yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sin sí Ìbàdàn. Ìwé ìgbélùú tèmi ò tíì jáde, a ò lè lọ. Orí fóònù lèmi àti Tìmí ti wo ìsìnkú náà. Kò sunkún, èmi náà ò sunkún. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́. Wọ́n ní ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àmọ́ nílé tiwa, ohun tó ń dùn wá ò sí lọ́rọ̀ wa rárá. Mò ń jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, eyín lásán ni.

Kí bàbá rẹ̀ tó kú ló ti fọwọ́ sí i pé kó bá àwọn ọmọ sukúù rẹ̀ lọ sí Gíríìsì ní oṣù keje. Wọ́n fẹ́ lọ wo etíkun kan tó ti wà látayébáyé, tí wọ́n ń pè ní Màtálà. Àpáta gíga ló dúró ti òkun níbẹ̀, ihò sì kún ara àpáta náà bí afárá oyin. Mo ní kó máa lọ.

"Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, Yorùbá lo máa kọ sí mi o! Màá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́ sí ẹ, wàá fi 'K' dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni K?"

"Okay, Mummy."

Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ "E kaaro ma." Lọ́jọ́ kejì, "Mo ti je eja." Ọjọ́ kẹta ló kọ iboji yìí.

Mo pè é, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo pe Miss Lọ́lá, tìṣà tó kó wọn lọ, ọmọ Yorùbá bíi tiwa.

"Àǹtí, Tìmí ní òun wà nínú ibojì."

"Nínú kí ni? Ìyá Tìmí, ẹ fara balẹ̀. Etí òkun la wà, gbogbo wọn ló wà níbí." Mo gbọ́ tó ń kà wọ́n. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Kúnmi! Tìmí dà?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Wọ́n ti fi okùn dí ọ̀nà àwọn ihò tó wà lókè. Tìṣà sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fo okùn, ilé ló ń padà sí. Kúnmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ajẹ̀bọ́tà, o ò lè gun ibẹ̀!" Ọmọ tí nǹkan kan ò jọ ọ́ lójú mọ́ láti oṣù kìíní, ó fo okùn. Àwọn ọ̀rẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ fọn fèrè, gbogbo wọn sá. Tìmí yọ̀ ṣubú sínú ihò kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Kò pariwo. Ó jókòó síbẹ̀, ó kọ̀wé sí mi, bátìrì fóònù rẹ̀ sì kú.

Bọ́ọ̀sì dé ìparí ọ̀nà, mo ṣì jókòó. Fóònù mi dún.

"A ti rí i, mà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú."

Mo ní, "Ẹ ṣeun." Mo lọ síbi iṣẹ́. Mo wẹ̀ fún màmá arúgbó kan, mo fi ìpara pa á lára. Mi ò sunkún.

Wọ́n dá a padà wálé lóòótọ́. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó ń fi igi tilẹ̀ bọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní iboji?"

"Daddy. Ní páàkì, tí òòrùn bá mú: 'Tìmí, wá síbi ibòòji.' It's shade, abi?"

"Ibòòji nìyẹn. Ibojì ni mo kà. Sàréè nìyẹn."

Ó wò mí. "But Mummy, Miss Lọ́lá ní sàréè làwọn ihò yẹn nígbà àtijọ́. Wọ́n sin èèyàn síbẹ̀."

"A jẹ́ pé o ò ṣì í kọ."

Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. "Ibòòji. Ibojì." Ó wá ní, "Daddy wà nínú ibojì."

Igbe tí kò ké ní oṣù kìíní, ibẹ̀ ló ti ké e, nídìí ilẹ̀kùn tí èrò ń gbà jáde. Mo dì í mú. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ń sunkún, àfi ìgbà tí mo rí i pé omijé mi ti mú ọrùn rẹ̀ tutù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fo okùn, òun náà ló máa sá fi yín sílẹ̀. Tí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ má fi pamọ́ sínú ihò. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sórí Yorùbá yín. Ìyá yín ń kà á nínú bọ́ọ̀sì.