Kí Ọsàn Tó Tán

"Ìyá Raliat, ọsàn yín rèé o!"

Tíṣà sọ àpò náà kalẹ̀ gbì ní àgbàlá wa. Òógùn bò ó, ẹ̀wù funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó dáadáa nìyẹn.

Oṣù àwẹ̀ ọdún 1964 ni, ní Òṣogbo. Béjidé lorúkọ rẹ̀, ará Ẹ̀sà-Òkè ni, kò sì tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú yàrá tó gbà lọ́wọ́ bàbá mi. Nígbà tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ nílé, ìyá tèmi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa ra ọsàn bọ̀ láti oko, nítorí ọsàn la fi ń ṣínu nílé wa.

Mo tú okùn ẹnu àpò. Àgbálùmọ̀ ló kún inú rẹ̀.

"Tíṣà, ọsàn dà?"

"Kí lo ń wò yẹn?"

"Àgbálùmọ̀ nìyí."

"Ọsàn ni."

"Ọsàn tí wọ́n ń bó, tí wọ́n ń mu omi rẹ̀ ńkọ́?"

"Òroḿbó nìyẹn! Ẹ ò sọ fún mi pé òroḿbó lẹ fẹ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é nìyẹn: àgbálùmọ̀ ni ọsàn lẹ́nu wọn, àwa ò sì mọ̀. Ta ló fẹ́ fi àgbálùmọ̀ ṣínu? Ẹni tí kò jẹun láti òwúrọ̀, tó wá fi ohun kíkan bọ ẹnu, inú rẹ̀ yóò bá a jà.

Ojú ti Tíṣà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo àpò tó rù láti gáréèjì wálé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó má dà á nù, n ó fi se nǹkan.

Ẹni tó bá ń retí kí ìtàn yìí parí sí ayọ̀, kó yáa wá òmíràn kà. Mo ti dàgbà jù láti máa purọ́ fún ènìyàn.

Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé módà bí a ṣe ń fi ṣúgà se máńgòrò títí yóò fi di jáàmù. Mo rò ó pé ohun tó ṣeé fi máńgòrò ṣe, ó yẹ kó ṣeé fi àgbálùmọ̀ ṣe. Mo fún un, mo yọ kóró rẹ̀, mo fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Oje rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ni létè lẹ̀ mọ́ ìkòkò ìyá mi, ó sì bú mi. Mo da ṣúgà sí i, mo ń rò ó lórí iná èédú, títí ó fi ki, tó sì pọ́n bí epo tuntun. A fi í jẹ búrẹ́dì lẹ́yìn ìṣínu. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí búrẹ́dì fi tán.

Èyí tí n kò fi ṣúgà sí, mo fi í dípò tòmátì lọ́jọ́ kejì. Mo lọ ata rodo àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, mo da epo sí i, mo fi ẹja gbígbẹ sí i. Kíkan rẹ̀ wọ inú ẹja lọ. Bàbá mi, Alfa Àmínù, tí kì í yin oúnjẹ, fi ìka nu abọ́.

Tíṣà dá abọ́ tirẹ̀ padà fúnra rẹ̀. "Raliat, ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Àṣìṣe yín ló kọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò ní lọ sí Ẹ̀sà-Òkè kó má ru àgbálùmọ̀ bọ̀. Mo pò ó mọ́ fúláwà, mo dín in. Mo fi í se ẹran ewúrẹ́, ẹran náà sì rọ̀ dáadáa. Ìgbà kan mo dà á sínú ògì, ìyẹn ò dára, ṣùgbọ́n Béjidé mu ún tán. Ó máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á máa bá mi yọ kóró, ó sọ mí ní Ọlọ́sàn. Láàárín àwa méjèèjì, ọsàn kò jẹ́ òroḿbó mọ́. Èdè tirẹ̀ ni mo ń sọ nídìí ààrò.

"Ọlọ́sàn mi, bí mo bá fẹ́ ọ, ṣé ojoojúmọ́ lo ó máa se èyí fún mi?"

"Oṣù mẹ́rin péré ni ọsàn fi ń so. Mẹ́jọ tó kù ńkọ́?"

"N ó máa wo ojú rẹ mu gààrí."

"Ẹ ò mọ̀ pé bàbá mi ò ní fi mí fún yín?"

Àwa méjèèjì mọ̀. Alfa ni bàbá mi, fìlà ló ń rán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéwú kún iwájú ilé wa. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Béjidé, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó sì bí. Ohun tí mo ṣe ní gbogbo ọdún yẹn ni pé mo ń se oúnjẹ fún ẹni tí n kò lè ní.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, kò pariwo. Ó pè é síta, ó ní, "Tíṣà, ẹ wá yàrá mìíràn." Lẹ́yìn náà ó pè mí wọlé, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé Kùránì, kí n búra pé n kò ní kọ lẹ́tà sí i. Mo búra. Kí ọdún tó parí, Béjidé ti gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí ilé ìwé kan ní Ẹ̀sà-Òkè.

Àwẹ̀ tún dé. Mo ra àgbálùmọ̀ lọ́jà fúnra mi, mo se ọbẹ̀ náà, bóyá nítorí pé òórùn rẹ̀ nìkan ló kù fún mi. Ọjọ́ náà ni Alhaji Mùstàfá aláṣọ wá bá bàbá mi ṣínu. Ó jẹun, ó tún bu òmíràn. Ó ní ta ló se é. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ mi fún ọmọ òun, Nùrẹ́nì.

Ẹ ò rí ayé? Ọbẹ̀ tí mo kọ́ nítorí Béjidé ni wọ́n fi rí mi fẹ́ fún ẹlòmíràn.

Nùrẹ́nì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ì bá burú, n bá rí nǹkan dì mú.

Mo kọ oúnjẹ. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi lẹ́yìn ọdún ìtúnu, èmi sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Bàbá Raliat, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yìí kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Bàbá mi ń bó ọsàn. Ó bó o tán kó tó dáhùn.

"Tíṣà yẹn kò hùwà àbùkù nínú ilé mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá lè gba Kàlìmá, kó di Mùsùlùmí, kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá, kí ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. N kò ní fi ọmọ mi sílé ìyá ọkọ tí kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá kí ọsàn tó tán. Alhaji Mùstàfá ń lọ sí Mẹ́kà, ó fẹ́ kí yìgì so kóun tó lọ. N kò lè dá a dúró jù bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi sáré lọ sí gáréèjì bá Àjàgbé, dẹ́rẹ́bà tó ń gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀sà-Òkè. Ìyá mi kò mọ̀wé, èmi sì ti búra, ọ̀rọ̀ ẹnu ló rán an. Ó padà wálé, ó ń mí gúlegúle, ó fi oríkì mi pè mí, "Àgbékẹ́, mo ti ránṣẹ́." Èmi tí mo mọ̀ pé ìtumọ̀ méjì ni ọsàn ní, n kò béèrè bó ṣe sọ ọ́. Mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún ayọ̀. Òmùgọ̀ ni mí.

Ní ọjọ́ kẹrin, Àjàgbé mú èsì wá: "Tíṣà ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n á dé kí ọsàn tó tán."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ọsàn ń dín kù lórí àtẹ. Èyí tó kù kéré, èèpo rẹ̀ gbẹ. Mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá mi yí ọjà ká, kò rí ẹyọ kan rà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

Bàbá mi dúró dìgbà tó kírun alẹ́ tán. "Ó tó," ló wí.

Wọ́n so yìgì mi lọ́jọ́ Jímọ̀, ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n dá ọjọ́ Àìkú pé wọn yóò gbé mi lọ sílé ọkọ. Mo gbà pé Béjidé ló já mi sílẹ̀, mo ṣépè fún un nínú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù lónìí, pé mo ṣépè fún un.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ń di ẹrù mi nínú yàrá ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan lójúde.

"O kú ulé o, Alfa!"

Àwọn Ìjẹ̀ṣà kì í fi "ẹ" kí àgbà. Ọjọ́ mìíràn, bàbá mi ì bá bínú. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin náà ni Ògúnjìnmí, àbúrò bàbá Béjidé. Béjidé wà lẹ́yìn rẹ̀, fìlà funfun lórí rẹ̀, bí àwọn ọmọ kéwú. Ìyá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ dúró tì í.

"Ùyá rẹ̀ nìyí," ni Ògúnjìnmí wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sunkún kó tó gbà. Títí di àná la fi ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ yìí ní òun ò ní wá láìsí ùyá òun, nítorí bí o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. O ní ká wá kí ọsàn tó tán, Alfa. Wò ó."

Ó ṣí agbọ̀n tó gbé lọ́wọ́. Àgbálùmọ̀ ni, ó pọ́n, ewé rẹ̀ ṣì tutù.

Bàbá mi wo agbọ̀n náà.

"Tíṣà," ló wí, "ọsàn ti tán láti Ọjọ́bọ̀."

Mo rí ojú Béjidé nígbà tó yé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú erùpẹ̀. "Mo rò pé Raliat ló ní kí ọsàn tó tán," ló ń wí. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu Raliat ni."

Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Èmi ni mo rán an!"

"Mo ti gba Kàlìmá, Alfa," ni Béjidé wí. "Ó di ọ̀sẹ̀ méjì."

"Al-hamudu lilahi," ni bàbá mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n yìgì ti so lánàá. Kí ni ọmọ Mùstàfá ṣe fún mi tí n ó fi tú u? Kí ni n ó sọ pé ó ṣẹ̀?"

Mo ń retí kí ẹnì kan rí èsì fọ̀. Mo di irin fèrèsé mú, mo ń sọ nínú mi pé, ẹ sọ nǹkan, ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ nǹkan.

Bàbá mi yíjú sí yàrá. "Àgbékẹ́! Ọ̀nà jìn. Wá wá oúnjẹ fún àlejò."

Mo jáde. N kò lè gbójú sókè. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé agbọ̀n wọn lọ sí ìdí ààrò, mo fún àgbálùmọ̀ náà, mo yọ kóró rẹ̀. Mo lọ ata. Mo se ọbẹ̀ náà bí mo ṣe máa ń se é gẹ́lẹ́, ìyá mi sì ro àmàlà. Èmi náà ni mo gbé e fún wọn, èmi ìyàwó Nùrẹ́nì.

Ògúnjìnmí jẹun. Ìyá Béjidé tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́. Ó jẹ ẹ́ dé ààbọ̀, ó dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ ni mo ń kọ̀ láti ọdún tó kọjá?"

Ó gbé ìka tó ti kan ọbẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún níbẹ̀ níwájú gbogbo wa, Ògúnjìnmí sì ń ní kó má sunkún mọ́, pé ilé onílé nibí.

Béjidé kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, ó kọjá níwájú mi, bàbá mi sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lè rí ọ̀nà bá mi sọ̀rọ̀.

"Raliat, ṣé o bínú sí mi?"

"Rárá o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa jẹun dáadáa."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà."

Wọ́n lọ. Mo kó àwo wọlé. Ọbẹ̀ Béjidé wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, ó ti tutù, epo rẹ̀ ti dì létí abọ́. Ìyá mi ní kí n dà á fún adìẹ. Mo jókòó sórí àpótí, mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán, mo fọ abọ́, mo dojú rẹ̀ dé, mo sì lọ parí ẹrù mi.